Ṣé ẹ̀jẹ̀ mi ti di omi ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ẹni ọdún 69, Abẹ́òkúta ni mò ń gbé. Ó ti tó ọdún méjìlá tí mo ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Oṣù tó kọjá ni àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ mi láyà nílé ìwòsàn, dókítà sì ní ọkàn mi kò lù déédéé. Ó fún mi ní oògùn méjì: bisoprolol lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, àti apixaban 5 mg láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó ní apixaban yìí kò ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ mi máa dì. Láti ìgbà náà ni ó ti ń rẹ̀ mí, ọwọ́ mi ń tutù, èrìgì mi ń ṣẹ̀jẹ̀ tí mo bá ń run orín, mo sì rí ojú ibì kan tó dúdú lápá mi tí n kò mọ ohun tó gbá a. Aládùúgbò mi tó ń lo warfarin, oògùn mìíràn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, ní n kò gbọdọ̀ jẹ ẹ̀fọ́ mọ́. Ọmọ mi tó wà ní London ní oògùn eku ni wọ́n ń fún mi. Àyà mi kò lù kìkìkì mọ́ báyìí, mo sì ti dá apixaban náà dúró láti ọjọ́ mẹ́rin. Ṣé mo lè máa fi aspirin rọ́pò rẹ̀? Ṣé ẹ̀jẹ̀ mi kò ti di omi báyìí?

Ìdáhùn: Mà, aspirin kò lè ṣe iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún apixaban, ọjọ́ mẹ́rin tí ẹ sì ti dáwọ́ rẹ̀ dúró ti pọ̀ jù. Ẹ pe dókítà yín lónìí, kí ẹ tó ka ìyókù ọ̀rọ̀ mi pàápàá. Ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ dá a dúró, ẹ sọ ti èrìgì, ẹ sọ ti apá. Ó ṣeé ṣe kó ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ padà lálẹ́ òní, hóró kan ṣoṣo, bí ẹ ṣe ń lò ó tẹ́lẹ̀. Ẹ má lo méjì pọ̀ láti fi dí àlàfo àwọn tí ẹ kò lò. Àmọ́ tí ìgbẹ́ yín bá ti ń dúdú bí ọ̀dà, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá ń bá ìtọ̀ yín jáde, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ tààrà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá jókòó sọ̀rọ̀.

Orí ọwọ́ tó ń tutù ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí, torí òun ló jẹ́ kí ẹ máa rò pé ẹ̀jẹ̀ yín ti di omi. Apòògùn ni mí, àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ irú oògùn yìí ni mo sì ń bá sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Àròyé tí mo ń gbọ́ lẹ́nu wọn jù nìyí: ó ń rẹ̀ mí, òtútù ń mú mi, ẹ̀jẹ̀ mi ti fẹ́lẹ́. Tí mo bá wá ní kí wọ́n da àpò oògùn wọn sílẹ̀ kí n wò ó, n óò rí i pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn méjì. Bisoprolol ló ń dín eré tí ọkàn ń sá kù. Òun ló lè mú kí ó máa rẹ èèyàn, kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ máa tutù, pàápàá ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́. Apixaban ní tirẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ̀ ọ́n lára rárá. Mà, èyí tó ṣeé ṣe kó jẹ̀bi lẹ ṣì ń lò, èyí tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ lẹ lé jáde.

Ẹ má torí ìyẹn dá bisoprolol náà dúró o! Kì í ṣe oògùn tí èèyàn ń dá dúró lójijì. Ẹ sọ fún dókítà, ó lè dín in kù. Kó sì bá yín ṣe àyẹ̀wò PCV, èyí tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ èèyàn tó, torí ẹ̀jẹ̀ tó bá ń dà díẹ̀díẹ̀ nínú ikùn láìhàn náà lè mú kí ó máa rẹ èèyàn, a kò sì lè fi ojú lásán mọ ìyàtọ̀.

Orúkọ tí wọ́n fún oògùn yìí wà lára ohun tó ń dẹ́rù bani. Ẹ ó gbọ́ lẹ́nu nọ́ọ̀sì, ẹ ó gbọ́ lórí rédíò: “oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ fẹ́lẹ́,” “oògùn tó ń sọ ẹ̀jẹ̀ di omi.” Ẹ̀dà ọ̀rọ̀ òyìnbó ni, àwọn òyìnbó tó sì kọ́kọ́ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣe é re. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá di omi, ẹ̀jẹ̀ ti tán lára rẹ̀ nìyẹn, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti funfun, kí wọ́n tètè wá ẹ̀jẹ̀ fà sí i lára. Ta ni yóò gbọ́ irú rẹ̀ tí kò ní sọ hóró oògùn nù? Apixaban kò bu omi sí ẹ̀jẹ̀, kò sì bu ẹ̀jẹ̀ kúrò. Bí ẹ ṣe ní i lára náà lẹ ṣì ní i, bó ṣe ki náà ló ṣì ki. Ohun kan ṣoṣo tó yí padà ni pé ó máa ń pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó dì.

Kí ló dé tí wọ́n fi fẹ́ kó pẹ́ kó tó dì? Ẹ ti ro ẹ̀kọ rí, mà. Níwọ̀n ìgbà tí orógùn bá ń yí nínú ìkòkò, ẹ̀kọ kì í dì. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ lọ dá ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn lóhùn, kí ẹ tó dé, ó ti ń dì létí ìkòkò. Yàrá mẹ́rin ló wà nínú ọkàn, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Nínú àìsàn tí wọ́n rí lára yín, tí àwọn dókítà ń pè ní atrial fibrillation, àwọn yàrá òkè kì í fún ẹ̀jẹ̀ dáadáa mọ́, ńṣe ni wọ́n kàn ń gbọ̀n bí ọwọ́ ẹni tí ibà mú. Orógùn ti dúró nìyẹn. Yàrá òkè lápá òsì wá ní àpò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí etí ìkòkò gẹ́lẹ́, ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń dúró sójú kan, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ẹ̀jẹ̀ dídì náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá já kúrò níbẹ̀, ọkàn yóò tì í jáde pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ yòókù, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tó sì yá jù látibẹ̀ ni èyí tó lọ sínú ọpọlọ. Ìyẹn ni rọpárọsẹ̀. Ẹni tó ní àìsàn yìí wà nínú ewu rọpárọsẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún ẹni tí kò ní i. Bí ẹ bá pín ewu yẹn sí mẹ́ta, irú oògùn tí wọ́n fún yín yìí ń mú nǹkan bí ìdá méjì kúrò.

Àyà yín tí kò lù kìkìkì mọ́ kò sọ pé àìsàn náà ti lọ. Ó lè jẹ́ bisoprolol ló pa ariwo rẹ̀. Àwọn kan sì wà tí tiwọn máa ń wá tí yóò tún lọ: lónìí ọkàn ń lù déédéé, lọ́túnla yóò tún dàrú, wọn kò sì ní mọ̀. Ewu rọpárọsẹ̀ wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Àwọn dókítà ní máàkì kan tí wọ́n ń kà. Ẹni tó bá ti wà láàárín ọdún 65 sí 74 gba kan, ẹni 75 sókè gba méjì. Ẹ̀jẹ̀ ríru, kan. Ìtọ̀ ṣúgà, kan. Ọkàn tó ti ń ṣàárẹ̀, kan. Òpó ẹ̀jẹ̀ tó ti bàjẹ́, bíi ti ẹni tí ìkọlù ọkàn ti bá rí, kan. Rọpárọsẹ̀ tó ti wá rí, méjì. Wọ́n máa ń fi kan kún ti obìnrin nítorí pé ó jẹ́ obìnrin, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ní Yúróòpù yọ ìyẹn kúrò nínú ìlànà wọn ní 2024. Bí a kò bá tilẹ̀ kà á, ẹ ti ní méjì: ọjọ́ orí yín àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Méjì tó kí wọ́n ní kí èèyàn bẹ̀rẹ̀. Dókítà yín kò fi yín dánra wò.

Ọ̀rọ̀ aspirin ńkọ́? Wọ́n ti ṣe ìwádìí kan tó jẹ́ pé bí ẹni pé ìbéèrè yín ni wọ́n mú lọ síbẹ̀. AVERROES ni wọ́n pè é, èsì rẹ̀ jáde ní 2011. Nǹkan bí 5,600 èèyàn ni, gbogbo wọn ní irú àìsàn ọkàn yín, warfarin kò sì bá wọn lára mu tàbí wọn kò fẹ́ ẹ. Apá kan lo apixaban, apá kan lo aspirin. Nínú 1,000 tó ń lo aspirin, nǹkan bí 37 ni rọpárọsẹ̀ tàbí irú jàǹbá ẹ̀jẹ̀ dídì bẹ́ẹ̀ kọlù láàárín ọdún kan. Lọ́dọ̀ apixaban, nǹkan bí 16. Ẹ̀jẹ̀ dídà tó lágbára wá ńkọ́, èyí tí gbogbo wa ń bẹ̀rù? Nǹkan bí 12 nínú 1,000 lọ́dọ̀ aspirin, 14 lọ́dọ̀ apixaban. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ kò tó nǹkan. Wọn kò tilẹ̀ jẹ́ kí ìwádìí náà pé ọjọ́ tí wọ́n dá fún un kí wọ́n tó dá a dúró, torí ibi tó ń lọ ti hàn. Èmi kì í bá àwọn tó ń sọ pé aspirin “rọ̀ ju èyí lọ” jiyàn mọ́, ńṣe ni mo máa ń ka iye yìí fún wọn.

Síbẹ̀ mo mọ̀ pé iye kò lè pa ìbẹ̀rù èrìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ibi tó dúdú lápá yín, ẹ ń rí i nígbàkúùgbà tí ẹ bá ń wẹ̀. Rọpárọsẹ̀ tí kò wá ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, kò sẹ́ni tó rí i, kò sẹ́ni tó kí yín kú oríire. Nítorí náà, oògùn yìí kì í rí ẹlẹ́rìí. Láàárín oṣù àkọ́kọ́ ni èyí máa ń dun àwọn èèyàn jù. Baba kan sọ fún mi pé ọ̀sẹ̀ méjì gbáko lòun fi ń dìde lóru, tí òun ń tan tọ́ọ̀ṣì sórí ìrọ̀rí, bóyá ẹ̀jẹ̀ ti jáde létí òun. Kò jáde. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan bi mí pé tí ayùn bá gé òun, ṣé òun yóò kàn máa ṣàn lọ títí ẹ̀jẹ̀ òun fi tán ni. Mo ní kó fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó má ṣí i wò láàárín. Ó padà wá lóṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó na ìka hàn mí, ó ní mẹ́wàá kọ́, méjìlá ni. Obìnrin kan tó ṣì ń ṣe nǹkan oṣù ní tirẹ̀ rí i pé tòun ti pọ̀ sí i gan-an, ojú sì ń tì í láti sọ fún dókítà rẹ̀ tó jẹ́ ọkùnrin. Ìyẹn kò bá tiyín mu mọ́, mà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní ọmọbìnrin tàbí àbúrò tó ń lo irú rẹ̀, ẹ sọ fún un pé kó sọ ọ́, ìtọ́jú wà fún un.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Alhaja kan tó ń ta aṣọ. Ó máa ń gbàgbé ti alẹ́. A gbìyànjú ago fóònù, ó ní ariwo rẹ̀ ń dí òun lọ́wọ́ nínú ọjà. Ó wá so ó mọ́ ìrun: ti àárọ̀ lẹ́yìn Àsùbáà, ti alẹ́ lẹ́yìn Màgáríbì. Àlàfo rẹ̀ sún mọ́ wákàtí méjìlá lóòótọ́, n kò rò ó tẹ́lẹ̀. Nígbà ààwẹ̀, sààrì àti ìṣínu náà ló lò, kò sí ohun tó yí padà. Tí ẹ bá gbàgbé hóró kan, ẹ lò ó nígbà tí ẹ bá rántí lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì máa bá tiyín lọ.

Èyí tó ń dà létí èrìgì àti èyí tó dúdú lábẹ́ awọ, ẹ sọ fún dókítà, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ìdí láti sá. Nǹkan mìíràn ni kí ẹ máa fi ojú sí: ìgbẹ́ dúdú tó ń lẹ̀ bí ọ̀dà (oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní áyọ́ọ̀nù nínú náà máa ń sọ ìgbẹ́ dúdú, ẹ rántí èyí kí ẹ tó fò sókè), ìtọ̀ pupa, èébì tó ní ẹ̀jẹ̀ tàbí tó rí bíi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí, imú tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dá lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹ ti fún un pa tí ẹ sì tẹ orí síwájú, orí fífọ́ tó dé lójijì tí ẹ kò ní irú rẹ̀ rí. Bí ẹ bá ṣubú tí ẹ sì fi orí gbá nǹkan, ilé ìwòsàn ni, bí ara tilẹ̀ ń ṣe yín bí ẹni pé kò sí nǹkan. Bí ẹnu bá sì wọ́, tí apá kan kò ṣeé gbé, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ yín lẹ́nu, kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ sí í fi òróró pa yín lára nílé. Kí wọ́n gbé yín kíá, kí wọ́n sì sọ orúkọ oògùn tí ẹ ń lò àti aago tí ẹ lò ó kẹ́yìn.

Ní ti aládùúgbò yín, òótọ́ ló ń sọ, àmọ́ ti oògùn tirẹ̀ ni. Warfarin ń bá fítámì K jà, fítámì K sì pọ̀ nínú ewé tútù: ẹ̀fọ́ ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, ewédú, ewé ugu. Òun náà kò yẹ kó pa ẹ̀fọ́ tì pátápátá. Kí ìwọ̀n tó ń jẹ lọ́sẹ̀ yìí má yàtọ̀ gédégédé sí ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni, kó sì máa lọ ṣe àyẹ̀wò INR, tó ń fi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì hàn, èyí tí wọ́n sábà máa ń fẹ́ kó wà láàárín 2 sí 3. Apixaban kò bá ẹ̀fọ́ ní ohunkóhun ṣe. Ẹ padà sídìí ẹ̀fọ́ rírò yín. Ẹ má sì gba aládùúgbò yín nímọ̀ràn pé kó wá gba irú tiyín. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti fi ilẹ̀kùn onírin sínú ọkàn rẹ̀, tàbí pé ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ ti há nítorí àìsàn ọ̀fun tó ṣe é ní kékeré. Warfarin ló yẹ irú wọn. Ìwádìí INVICTUS, tó jáde ní 2022, fi hàn pé àwọn tí ilẹ̀kùn ọkàn wọn há bẹ́ẹ̀ tó lo rivaroxaban, tó jọ tiyín, kú ju àwọn tó lo irú warfarin lọ.

Ọmọ yín ní London náà kò purọ́ tán. Ní àwọn ọdún 1920, màlúù àwọn àgbẹ̀ ní Kánádà àti àríwá Amẹ́ríkà ń ṣẹ̀jẹ̀ kú, koríko gbígbẹ tó ti bu ni wọ́n ń jẹ. Karl Paul Link àti àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Wisconsin yọ ohun tó wà nínú koríko náà, látibẹ̀ ni wọ́n sì ti dé orí warfarin, tí wọ́n kọ́kọ́ tà fún pípa eku ní 1948. Ní 1954 ni wọ́n fọwọ́ sí i fún èèyàn, nígbà tí Ààrẹ Eisenhower sì ní ìkọlù ọkàn ní 1955, òun náà lò ó. Oògùn àtijọ́ tó dára ni, ìwọ̀n ló yàtọ̀. Àmọ́ warfarin ni gbogbo ìyẹn. Apixaban kò bá a tan, 2012 ni wọ́n fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà fún irú àìsàn yín. Ẹ bá mi kí ọmọ yín, kó máa bi apòògùn tó sún mọ́ ọn.

Ohun tí ọkàn mi kò balẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ yín ni ohun tí ẹ kò kọ: kí lẹ ń lò sí ara ríro? Ẹni ọdún 69 ní Abẹ́òkúta tí orúnkún kò dùn rí, n kò tíì pàdé rẹ̀. Ibuprofen, diclofenac, Feldene, gbogbo wọn lè dá ọgbẹ́ sí inú ikùn, tí apixaban kò sì ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ tètè dá. Àti Alábùkún! Ìyẹ̀fun tó ti wà láti 1918, tó jẹ́ pé ìlú yín níbẹ̀ ló ti gbilẹ̀, aspirin ló wà nínú rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó búra pé òun kò fi ẹnu kan aspirin, tí àpò Alábùkún méjì sì wà nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀. Paracetamol ni kí ẹ lò, ní ìwọ̀n tó yẹ. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n fi ògógóró rẹ, ẹ jẹ́ kó máa kọjá lọ lórí igbá ẹni tó ń tà á. N kò ní àgbo kankan kò dára. Bí n kò bá ṣáà mọ ewé tó wà nínú ìgò, n kò lè sọ ohun tí yóò bá apixaban ṣe. Oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ tó ń jẹ́ rifampicin àti Tegretol tí wọ́n ń fún oníwárápá máa ń sọ apixaban di aláìlágbára. Bí ibà bá sì mú yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gún yín ní abẹ́rẹ́ ìdí ní kẹ́míìsì láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀ pé ẹ ń lo oògùn yìí. Ẹ̀jẹ̀ lè kó sínú ẹran ìdí, kó wú, kó sì máa dùn yín fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Oníhóró ni kí ẹ béèrè. Ẹni tó fẹ́ yọ eyín yín náà gbọ́dọ̀ mọ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó, torí mo mọ̀ pé oògùn yìí wọ́n. Àwọn kan máa ń lo ti àárọ̀, wọn a fi ti alẹ́ pamọ́ kó lè pẹ́ lọ́wọ́. Agbára apixaban ti ń lọ sílẹ̀ gidi láàárín wákàtí méjìlá, nítorí náà ẹni tó bá ń lò ó lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ kò ní ààbò ní gbogbo òru. Àwọn mìíràn ń gé e sí méjì, wọ́n ní kékeré kò ní pa wọ́n lára. 2.5 mg wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní méjì nínú mẹ́ta yìí ni wọ́n ń fún: ọdún 80 sókè, ìwọ̀n ara tí kò ju kílò 60 lọ, tàbí creatinine (ohun inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́) tó ti dé 1.5 mg/dL. Bí owó bá ń há, ẹ sọ fún dókítà. Warfarin dínwó jù ú lọ fíìfíì, bí ẹ bá lè máa ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ déédéé. Ilé oògùn tó ní apòògùn ni kí ẹ ti máa rà á, kí ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri.

Nígbà tí ẹ bá pe dókítà yín, ẹ béèrè ìgbà tí wọn yóò tún yẹ kíndìnrín yín wò, ó kéré tán kó jẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ẹ wá dókítà eyín náà, torí èrìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀ sábà máa ń ní àìsàn tirẹ̀ kí oògùn tó dé bá a. Kí ẹ tó débẹ̀, ẹ fi orín sílẹ̀ ná, kí ẹ lo búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀.